Adápítọ̀ HDMI sí VGA: ibi tó ti wúlò fún mọ́nítọ̀ àtijọ́, àti ibi tó ti yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀

Mọ́nítọ̀ Dell àti HP oní-ínṣì 17 àti 19 tí wọ́n tò jọ sínú àwọn ìsọ̀ tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, ṣì ní iṣẹ́ púpọ̀ lára. Iná ẹ̀yìn wọn ṣì mọ́lẹ̀, lẹ́tà ń hàn ketekete lójú wọn, wọ́n sì dára fún ìwé títẹ̀, ìṣirò owó, ilé-ìwé àti ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni ihò VGA aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́yìn wọn, èyí tí àwòrán ń gbà wọlé láti kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù tuntun kò ní ihò yẹn mọ́. HDMI ló ní, tàbí USB-C, nígbà mìíràn méjèèjì.

Tí ẹ bá sọ ìṣòro yìí fún ọlọ́jà, ohun tó máa kọ́kọ́ nà sí yín ni adápítọ̀ kékeré kan, dúdú tàbí funfun, tí kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Ẹnu HDMI wà ní ìdí kan, ihò VGA wà ní ìdí kejì. Òun gan-an ni mò ń yẹ̀ wò níbí, mo sì máa fi í wé méjì mìíràn tí àwọn ọlọ́jà kì í sábà dárúkọ: wáyà HDMI sí DVI, àti adápítọ̀ DisplayPort sí VGA (DVI àti DisplayPort náà jẹ́ oríṣi ihò àwòrán). Èrò mi ni pé adápítọ̀ HDMI sí VGA dára, ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kí èèyàn rà kẹ́yìn, nígbà tó bá ti rí i dájú pé méjì yòókù kò bá ohun tó ní lọ́wọ́ mu.

Ẹ yí mọ́nítọ̀ padà kí ẹ tó náwó

Ẹ yí mọ́nítọ̀ yẹn padà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ níbi tí wáyà ti ń wọlé. Tí ẹ bá rí ihò funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù yẹn, tó gùn jù ú lọ, tó ní ihò wẹ́wẹ́ ní ìlà mẹ́ta àti ihò pẹlẹbẹ kan ní ẹ̀gbẹ́, DVI nìyẹn. Ẹ má ra adápítọ̀ VGA rárá. Wáyà HDMI sí DVI ni kí ẹ béèrè. Ọ̀nà díjítà kan náà ni HDMI àti DVI fi ń gbé àwòrán, nítorí náà kò sí ṣíìpù kankan nínú wáyà yẹn, kò sí ohun tó máa gbóná, kò sí ohun tó máa béèrè iná. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe fi písẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì tín-ín-rín tó para pọ̀ di àwòrán, ránṣẹ́ ni mọ́nítọ̀ máa ṣe gbà á, etí lẹ́tà á sì mú ju ti VGA lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ohùn: mọ́nítọ̀ oní-DVI àtijọ́ kì í gba ohùn, ẹ máa ní láti so sípíkà mọ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Dell 1708FP oní-ínṣì 17 àti 1908FP oní-ínṣì 19 ní DVI lẹ́gbẹ̀ẹ́ VGA. Dell E178FP, tó lè jọ 1708FP lójú ẹni tó ń wò ó láti iwájú, VGA nìkan ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ lónìí, tó ní àǹfààní láti yàn, kó mú èyí tó ní DVI, kódà kó fi owó díẹ̀ lé e. Owó yẹn á padà wá nígbà tí kò bá ra adápítọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kékeré kan tó ń jẹ́ adápítọ̀ DVI sí VGA, tí wọ́n máa ń rí nínú páálí káàdì àwòrán àtijọ́. Kò ní ṣíìpù nínú. Inú ihò DVI-I nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ mẹ́rin yí ihò pẹlẹbẹ yẹn ká, nítorí pé ihò mẹ́rin yẹn ló ń gbé àwòrán áńálọ́ọ̀gì, irú èyí tí VGA ń lò. Káàdì Nvidia GTX 10 tó jáde ní 2016 àti àwọn tó tẹ̀lé e kò ní ihò mẹ́rin yẹn mọ́, DVI-D ni ti èyí tó bá ní DVI nínú wọn. Pínnì mẹ́rin tó wà lára adápítọ̀ kò ní ríbi wọlé, ẹni tó bá sì fi tipá tì í máa ba ihò jẹ́.

Ohun tó wà nínú adápítọ̀ náà

IBM ló gbé VGA jáde ní 1987. Áńálọ́ọ̀gì ni. Wáyà mẹ́ta ń gbé pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iná inú wọn sì ń lọ láti 0 dé nǹkan bíi 0.7 fóólìtì bí àwọ̀ náà bá ṣe mọ́lẹ̀ tó. Wáyà méjì mìíràn ń sọ fún mọ́nítọ̀ ìgbà tí ìlà tuntun bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí àwòrán tuntun bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ni HDMI ń gbé ní tirẹ̀. Kò sí bí wáyà lásán ṣe lè sọ nọ́ńbà di iná tó ń lọ sókè sódò. Ṣíìpù ló ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún wáyà gígùn tó ní ẹnu HDMI ní ìdí kan àti ẹnu VGA ní ìdí kejì. Àwọn kan nínú wọn ní ṣíìpù nínú orí VGA wọn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan kò ní nǹkan kan nínú ju okùn bàbà lọ, kò sì sí kọ̀ǹpútà kan láyé tí wọ́n lè gbé àwòrán jáde fún. Wọn ò yàtọ̀ lójú, nítorí náà, tí wọn ò bá dán an wò níṣojú yín, ẹ má rà á.

Ní December 2010 ni Intel, AMD, Dell, Lenovo, Samsung àti LG jọ kéde pé àwọn máa kó VGA kúrò nílẹ̀. Intel àti AMD fi 2015 ṣe gbèdéke. Láti ìgbà Skylake, ìran kẹfà Intel Core tó jáde ní 2015, Intel kò ṣe VGA mọ́ ọ̀nà àwòrán rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá ṣì rí ihò VGA lẹ́yìn kọ̀ǹpútà tó tuntun ju ìyẹn lọ, ṣíìpù ayípadà ni ilé-iṣẹ́ náà lẹ̀ mọ́ inú bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ ò nílò adápítọ̀ kankan.

Iná ló ń já a kulẹ̀

Iná ni adápítọ̀ HDMI sábà máa ń ṣaláìní. Ara pínnì 18 nínú ihò HDMI ni ṣíìpù rẹ̀ ti ń rí iná, fóólìtì 5, ìlànà HDMI sì ní kí ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ lè pèsè ó kéré tán 55 mílíáńpù níbẹ̀. Ìyẹn kò tó ìdá mẹ́ta wáàtì kan. Ọ̀pọ̀ ṣíìpù ayípadà ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà alágbélẹ̀ sábà máa ń fún un ní àfikún láìsọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí adápítọ̀ kan náà fi lè ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ìsọ̀, kó sì kọ̀ nígbà tó délé. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan àti àwọn kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi àtijọ́ kì í fún un ju ohun tó tọ́ sí i lọ.

Bí àìtó iná ṣe ń farahàn rèé: àwòrán á jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á kú, á tún jáde. Tàbí kó dúró ṣinṣin ní 1024×768 (iye písẹ̀lì ní ìbú àti ní òòró), ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e sí 1920×1080, kó dákú. Bí písẹ̀lì bá ṣe pọ̀ tó ni ṣíìpù ṣe ń sáré tó: 1024×768 ní 60 Hz (ìyẹn ìgbà 60 tí wọ́n ń tún àwòrán yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ń fẹ́ 65 mílíọ̀nù písẹ̀lì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1280×1024 ń fẹ́ 108 mílíọ̀nù, 1920×1080 ń fẹ́ 148.5 mílíọ̀nù. Bó bá ṣe ń sáré sí i ni iná tó ń jẹ ń pọ̀ sí i, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná sí i.

Nítorí náà, èyí tó ní ihò micro-USB ní ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kí ẹ rà. Ihò yẹn ni wọ́n ń gbà fún un ní iná láti ìta. Ẹ so ó mọ́ USB kọ̀ǹpútà yẹn kan náà, ó sàn ju ṣájà fóònù lọ, torí ṣájà olówó pọ́ọ́kú lè kó ariwo iná wọ inú àwòrán, kí ìlà tín-ín-rín máa rìn lójú mọ́nítọ̀. Ihò ohùn 3.5 mm sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ micro-USB náà. Ó wúlò, torí VGA kì í gbé ohùn rárá.

Tí kọ̀ǹpútà yín bá ní DisplayPort, ẹ fi HDMI sílẹ̀, kí ẹ ra adápítọ̀ DisplayPort sí VGA. Ihò DisplayPort jọ HDMI, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gé. Dell OptiPlex, HP EliteDesk àti Lenovo ThinkCentre tòkunbọ̀ sábà máa ń ní in, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní méjì. Pínnì 20 rẹ̀ ń pèsè fóólìtì 3.3 àti 500 mílíáńpù, ìyẹn wáàtì 1.65, ìlọ́po mẹ́fà ohun tí HDMI ṣèlérí. Adápítọ̀ tó ń jẹun níbẹ̀ kì í rí ebi. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà so VGA mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, òun ni mo fọkàn tán jù. Ẹ kàn rántí pé ẹnu DisplayPort púpọ̀ ní ìkọ́ kékeré méjì: ẹ tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ.

Bó ṣe rí lọ́wọ́

Oríṣi méjì ni adápítọ̀ HDMI yìí. Ọ̀kan le gbagidi, ó máa yọ jáde lára láptọ́ọ̀pù bí ìka. Èkejì ní wáyà rírọ̀ tó gùn díẹ̀ láàárín ẹnu HDMI àti orí VGA. Ẹ mú èkejì. Wáyà VGA tó dára nípọn, ó wúwo, ó sì le láti tẹ̀. Tó bá fì sára adápítọ̀ gbagidi, gbogbo ìwúwo yẹn wà lórí ihò HDMI tí wọ́n fi òjé díẹ̀ lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù. Títún ihò yẹn ṣe wọ́n ju adápítọ̀ mẹ́ta lọ.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ihò VGA rẹ̀. Nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà méjì wà níbẹ̀ tí súkúrù wáyà VGA máa wọ̀ sí. Lára àwọn tí kò dára, nọ́ọ̀tì yẹn kò mú ohunkóhun dání nínú ike. Tí ẹ bá de wáyà mọ́ ọn, tí ẹ sì fẹ́ tú u, nọ́ọ̀tì á bá súkúrù jáde. Ẹ fi ọwọ́ lásán de súkúrù náà, kó kàn dúró. Ẹ má lo súkúdíráfà.

Ẹ tún rí i dájú pé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni HDMI sí VGA, kì í ṣe VGA sí HDMI. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Èyí tó ń yí VGA padà sí HDMI wà fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí i po kó ṣe iṣẹ́ èkejì.

Bí a ṣe ń so ó

Ẹ pa kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀. Ẹ de wáyà VGA mọ́ mọ́nítọ̀, ẹ de ìdí kejì mọ́ adápítọ̀, ẹ fún adápítọ̀ ní iná USB, kí ẹ tó wá ki ẹnu HDMI bọ kọ̀ǹpútà. Ẹ tan mọ́nítọ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà. Ìtòtẹ̀lé yìí ṣe pàtàkì. Mọ́nítọ̀ ní káàdì ìdánimọ̀ kan nínú tí wọ́n ń pè ní EDID, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń ka orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n àwòrán tó lè gbà. Pínnì 12 àti 15 nínú wáyà VGA ló ń gbé e. Tí kọ̀ǹpútà bá ti jí tán kí wáyà tó wọlé, nígbà mìíràn kì í kà á.

Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti P papọ̀, kí ẹ yan Duplicate tàbí Extend. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Settings, System, Display, kí ẹ gbé ìwọ̀n àwòrán sí iye tí wọ́n dá mọ́nítọ̀ náà mọ́ gan-an. Oní-ínṣì 15: 1024×768. Oní-ínṣì 17 àti 19 tí kò fẹ̀: 1280×1024. Oní-ínṣì 19 tó fẹ̀: 1440×900 lọ́pọ̀ ìgbà. Oní-ínṣì 22: 1680×1050. Ẹ fi í sí 60 Hz nínú Advanced display, kì í ṣe 75, torí 75 kò fi ohunkóhun kún LCD àtijọ́, ìyẹn mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ wọ̀nyí, ó sì ń fi kún iṣẹ́ ṣíìpù. Lórí oní-ínṣì 17, ẹ fi Scale sí 100%.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ló kàn, òun ló sì ń mú kí wọ́n máa sọ pé VGA kò mọ́ lójú. Ẹ ṣí ojú-ewé funfun kan tí lẹ́tà dúdú kún inú rẹ̀ bámúbámú, ẹ jẹ́ kó gba gbogbo ojú mọ́nítọ̀, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì Auto lára mọ́nítọ̀. Á ṣú díẹ̀, á sún àwòrán sọ́tùn-ún sósì, á sì dúró. Mọ́nítọ̀ ń wá ibi tí písẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ nínú iná tó ń wọlé. Tí ojú-ewé bá ṣófo tàbí tó dúdú, kò ní rí ohun tó máa fi wọn ara rẹ̀. Tí ìlà gbọọrọ olóòró bá ṣì ń hàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wọ inú menu mọ́nítọ̀, kí ẹ yí Pixel Clock, tí àwọn kan ń pè ní Coarse. Tí ìlà kò bá sí mọ́ ṣùgbọ́n tí etí lẹ́tà ń gbọ̀n, Phase ni kí ẹ yí, tí àwọn kan ń pè ní Fine. Clock ló ń ṣáájú, Phase ló ń tẹ̀lé e. Tí ẹ bá ṣe é dáadáa, ojú lásán kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín VGA àti DVI lórí mọ́nítọ̀ oní-ínṣì 17.

Nígbà tó bá kọ̀

«Out of range», «Input not supported» tàbí «Cannot display this video mode»: adápítọ̀ ti sopọ̀, iná ti dé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń fi àwòrán tó tóbi ju agbára mọ́nítọ̀ lọ ránṣẹ́. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, EDID ló sì ń fà á. Adápítọ̀ tó dára máa ka EDID mọ́nítọ̀, á sì gbé e fún kọ̀ǹpútà. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kì í kà á: EDID tiwọn ni wọ́n ń fi hàn, tó ń sọ pé 1920×1080 ni mọ́nítọ̀, kọ̀ǹpútà á sì gbà wọ́n gbọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé ẹ lọ wo orúkọ mọ́nítọ̀ nínú Advanced display. Tó bá jẹ́ orúkọ tí ẹ ò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀, dípò Dell tàbí HP tó wà níwájú yín, adápítọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ojútùú wà. Lórí láptọ́ọ̀pù ó rọrùn, torí ẹ ṣì ń rí ojú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀: ẹ yan Extend, ẹ tẹ mọ́nítọ̀ kejì, kí ẹ sì gbé e wá sí 1280×1024. Lórí kọ̀ǹpútà alágbélẹ̀ tí kò ní ojú mìíràn, ẹ yá mọ́nítọ̀ VGA tó fẹ̀, tó lè gba 1920×1080, ẹ so ó mọ́ adápítọ̀ yẹn kan náà, ẹ gbé e sí 1280×1024 ní 60 Hz, kí ẹ wá yọ ọ́, kí ẹ fi ti àtijọ́ sí i. Adápítọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ lò, ẹ má lo òmíràn, torí orúkọ EDID ni Windows ń fi rántí ìwọ̀n àwòrán, orúkọ adápítọ̀ kò sì yí padà bí mọ́nítọ̀ bá tilẹ̀ yí padà.

Lórí Linux tó ń lo X11, ìlà mẹ́ta yìí ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ tẹ xrandr lásán kí ẹ rí orúkọ ihò yín, torí kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń pè é ní HDMI-1:

xrandr --newmode "1280x1024_60" 108.00 1280 1328 1440 1688 1024 1025 1028 1066 +hsync +vsync
xrandr --addmode HDMI-1 1280x1024_60
xrandr --output HDMI-1 --mode 1280x1024_60

Lórí Raspberry Pi, ẹ fi video=HDMI-A-1:1280x1024M@60 kún ìlà kan ṣoṣo tó wà nínú cmdline.txt. Tó bá jẹ́ Raspberry Pi OS àtijọ́ ni, inú config.txt ni: hdmi_force_hotplug=1, hdmi_group=2, hdmi_mode=35.

Tí gbogbo ojú mọ́nítọ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, búlúù ni kò dé. Tó bá di elésè àlùkò, àwọ̀ ewé ni kò dé. Tí pupa kò bá dé, gbogbo rẹ̀ á rí bíi búlúù tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé. Ẹ má tíì dá adápítọ̀ lẹ́bi. Ẹ yọ wáyà VGA kí ẹ wo ẹnu rẹ̀: pínnì 15 ló yẹ kó wà níbẹ̀, márùn-ún márùn-ún ní ìlà mẹ́ta. Pínnì 1 ni pupa, 2 ni àwọ̀ ewé, 3 ni búlúù. Èyí tó bá tẹ̀, ẹ fi ẹnu bírò tí ẹ ti yọ inú rẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí, kí ẹ rọra gbé e dìde. Pínnì 9 kì í sí nínú ọ̀pọ̀ wáyà láti ilé-iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti kán. Ṣùgbọ́n tí 12 tàbí 15 bá tẹ̀, àwòrán á jáde, Windows kò sì ní mọ orúkọ mọ́nítọ̀, á máa pè é ní Generic.

Òjìji lẹ́yìn lẹ́tà: wáyà VGA tín-ín-rín ló ń fà á. Nínú wáyà tó dára, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù kọ̀ọ̀kan ní ìbora bàbà tirẹ̀. Ẹ lo èyí tó nípọn, tó ní kókó dúdú ní ìdí méjèèjì, kó má sì gùn ju ohun tí ẹ nílò lọ. Ìlà tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìdúró, pàápàá lórí jẹnẹrétọ̀: ẹ so kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìpíniná kan náà, kí ó má jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Dúdú tó ń rí bí eérú, àwọ̀ tí kò ta yọ: kọ̀ǹpútà rò pé tẹlifíṣọ̀n lòun ń bá sọ̀rọ̀, ó ń fi àwọ̀ láti 16 dé 235 ránṣẹ́ dípò 0 dé 255. Nínú Nvidia Control Panel, abẹ́ Change resolution, ẹ gbé Output dynamic range sí Full. Intel ń pè é ní Quantization Range.

Tí àwòrán bá hàn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ojú sì ṣú, nígbà tí iná bọ́tìnnì ṣì wà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú mọ́nítọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá rí àwòrán fírífírí níbẹ̀, iná ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ ló ń kú. Kò sí adápítọ̀ tó lè wò ó sàn. Gílóòbù rẹ̀ tàbí kàpásítọ̀ tó wú lórí bọ́ọ̀dù iná ni, iṣẹ́ oníṣẹ́ sì ni.

USB-C, fóònù, dikódà

USB-C sí VGA ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pẹ̀lú àdéhùn kan: ihò USB-C yẹn gbọ́dọ̀ lè gbé DisplayPort jáde. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lè ṣe é. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà bóyá àmì DisplayPort tàbí mànàmáná Thunderbolt wà níbẹ̀, tàbí kí ẹ wo ìwé láptọ́ọ̀pù. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò lè ṣe é rárá, bó ti wù kí adápítọ̀ wọ́n tó. Samsung Galaxy S8 àti àwọn Galaxy S tó tẹ̀lé e lè ṣe é, iPhone 15 náà lè ṣe é. Adápítọ̀ USB-A sí VGA yàtọ̀ pátápátá: driver (ètò tí ẹ máa fi sínú kọ̀ǹpútà kó tó ṣiṣẹ́) ló ń lò, kò lè fi BIOS hàn, ìyẹn ojú ètò tó ń jáde kí Windows tó dé, kò sì yẹ fún fídíò. Ẹ lò ó tí kò bá sí ihò mìíràn.

Ní ti dikódà tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ eré, HDCP ni ìdènà, ìyẹn títì tí wọ́n ti àwòrán pa kí ẹnikẹ́ni má bàa dà á kọ. VGA kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. PS4 àti PS5 gbà kí ẹ pa Enable HDCP nínú Settings kí ẹ lè ṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn app fíìmù kò ní ṣí nígbà tó bá wà ní pípa. PS3 kò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ra adápítọ̀ nítorí dikódà nìkan, mi ò gbà á nímọ̀ràn.

Mọ́nítọ̀ CRT, èyí tó ní ẹ̀yìn gbọ̀ngbọ̀n, ń gba adápítọ̀ yìí láìjà. Ẹ fi í sí 75 tàbí 85 Hz, torí ní 60 á máa ṣẹ́jú. Ẹ má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láé, iná tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fóólìtì lè wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, díẹ̀ á sì kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ wáyà.

Tí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání. Ẹ ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ mọ́nítọ̀ oní-1280×1024, kì í ṣe èyí tó fẹ̀, nítorí EDID tó ń purọ́ kì í hàn lórí mọ́nítọ̀ tó fẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó jáde nínú Advanced display. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí iná USB, kí ẹ sì fọwọ́ kan orí rẹ̀: kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò bá lè dúró níbẹ̀, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ gba òmíràn nínú páálí.